Bí a ṣe ń yan máàsítà lẹ́yìn dìgírì AI

Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì máàsítà AI tí wọ́n ń polówó kiri kì í ṣe ti ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ AI. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 2020 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètìlẹ́yìn fún àwọn kọ́ọ̀sì AI àti dátà tí wọ́n dìídì là kalẹ̀ fún ẹni tó ka ìmọ̀ mìíràn ní dìgírì àkọ́kọ́. Orúkọ wọn fani mọ́ra, owó wọn sì gọbọi, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí wọn yóò kọ́ yín níbẹ̀, ẹ ti ṣe ìdánwò rẹ̀ rí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta tó ti gba dìgírì AI, tó sì ń gbèrò àtitẹ̀síwájú, ẹ má lọ fi owó ńlá ra ohun tó ti wà nílé yín. Ohun tí dìgírì àkọ́kọ́ kò fún yín ni kí ẹ wá lọ.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ara yín wò

Ẹ gbé transcript yín, ìwé tí máàkì gbogbo kọ́ọ̀sì yín wà nínú rẹ̀, síwájú, kí ẹ pín gbogbo kọ́ọ̀sì ibẹ̀ sí mẹ́ta: èyí tí ẹ lè jókòó kọ́ ẹlòmíràn, èyí tí ẹ kàn yege, àti èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Máàkì nìkan kò tó. Ṣé ẹ lè fi bírò àti pépà ṣe backpropagation, ìṣirò tí ẹ̀rọ AI fi ń kọ́gbọ́n láti inú àṣìṣe rẹ̀, fún neural network kékeré kan, láìsí kọ̀ǹpútà? Ṣé ẹ lè sọ ìdí tí ẹ̀rọ kan fi yege lórí dátà tí ẹ fi kọ́ ọ, tó wá kùnà nígbà tí ẹ gbé e dé ọjà Kútọ̀? Ẹni tó bá ń kọsẹ̀ níbí, ìṣirò bíi linear algebra, probability àti statistics ló kù fún un. Ẹlòmíràn mọ ìṣirò dunjú, àmọ́ kò tíì rí bí a ṣe ń ṣe é tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fi lè máa lo ẹ̀rọ kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àìní tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ yan ìṣòro kí ẹ tó yan yunifásítì

Ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń là níwájú yín. Ẹni tó ń wo ọ̀nà PhD lè wọnú machine learning (bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ́gbọ́n láti inú dátà), statistics tàbí ìmọ̀ ìṣirò lọ jinlẹ̀jinlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn kíkọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lè lọ sí robotics (ìmọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì) tàbí distributed systems (bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀). Ẹ̀kẹta ni kí ẹ gbé AI yín wọ inú ìmọ̀ mìíràn pátápátá, èyí ni mo sì fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta.

Ẹ wo àyíká yín. Láti ọdún 1988 ni yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ FUNAAB ti wà ní ìlú yìí, ẹ̀gẹ́ sì wà káàkiri oko wa. Ẹni tó mọ AI nìkan lè kọ́ fóònù láti dá àrùn mosaic mọ̀ lójú ewé ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ̀ pé eṣinṣin funfun kékeré tí wọ́n ń pè ní whitefly ló ń gbé àrùn náà kiri, àti pé àìtó èròjà inú ilẹ̀ náà lè mú kí ewé pọ́n, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò máa pariwo àrùn níbi tí ajílẹ̀ ló yẹ. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ṣe Nuru, ohun èlò orí fóònù tó ń fi kámẹ́rà yẹ ewé ẹ̀gẹ́ wò. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lóko, tí èkejì sì wà nínú kóòdù. Máàsítà nínú ìmọ̀ àrùn irúgbìn tàbí bioinformatics (fífi kọ̀ǹpútà yẹ dátà ohun abẹ̀mí wò) lè ṣe yín lóore ju AI ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ.

Bákan náà ni ti ìlera. A ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Abà, a sì ní ti Àrò. Biostatistics (ìṣirò dátà ìlera) tàbí epidemiology (ìmọ̀ bí àrùn ṣe ń tàn kálẹ̀) ni kí ẹ wò bí ọkàn yín bá wà níbẹ̀.

Èdè wa náà ń pè yín. Ẹgbẹ́ Masakhane, àwọn olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Áfíríkà, gbé MasakhaNER jáde ní 2021, dátà tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá orúkọ èèyàn, ìlú àti iléeṣẹ́ mọ̀ nínú èdè Áfíríkà mẹ́wàá, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tó kù pọ̀ gan-an. Fún irú èyí, máàsítà nínú computational linguistics, ìmọ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lo èdè, ni. Lára àwọn ètò Erasmus Mundus, ìyẹn máàsítà àjùmọ̀ṣe tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń ṣètìlẹ́yìn fún, ni èyí tó ń jẹ́ LCT, tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lo ọdún méjì ní yunifásítì méjì ní Yúróòpù.

Ẹ ka inú kọ́ọ̀sì, ẹ má ka orúkọ rẹ̀ nìkan

Ẹ wá àtòjọ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, kí ẹ fi wé transcript yín. Bí ìdajì rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí ẹ ti mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí yunifásítì náà lókìkí tó. Ẹ wo bóyá iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wà níbẹ̀ àti ẹni tí yóò bójú tó o, kí ẹ ka iṣẹ́ olùkọ́ náà bíi méjì kí ẹ tó kọ̀wé sí i.

Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í gba orúkọ dìgírì gbọ́. Wọ́n máa ń ka kírẹ́díìtì tí ẹ ní nínú ìṣirò àti nínú theoretical computer science. Ibẹ̀ gan-an ni dìgírì AI lè ti ṣaláìpé, nítorí náà ẹ tètè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ṣe ìṣirò owó

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba Jámánì kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́, àfi àwọn kan, bíi ti ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg tó ń gba €1,500 ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ará Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ ní owó tí ẹ ó fi gbé ibẹ̀ fún ọdún kan lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan ni wọ́n sábà ń fi ṣe máàsítà, àmọ́ láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó lọ ṣe máàsítà inú kíláàsì kò lè mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ dání mọ́. Kí olórí ẹbí rò ó dáadáa.

Àǹfààní tún wà nílẹ̀ Áfíríkà níbí. AIMS, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣirò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní South Africa ní 2003, ní máàsítà AI for Science tí wọ́n dá sílẹ̀ pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn Google DeepMind. Carnegie Mellon, yunifásítì Amẹ́ríkà, náà ní ẹ̀ka ní Kigali ní Rwanda, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Engineering Artificial Intelligence. Ẹni tó yan ọ̀nà kejì lókè yẹn ni yóò bá lára mu. Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fẹ́ ìrírí iṣẹ́ wákàtí 2,800, nítorí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NYSC kò gbọdọ̀ gbé gbogbo ọkàn lé e.

Bó bá jẹ́ ilé ni ẹ fẹ́ dúró sí, kò burú rárá, pàápàá fún ọ̀nà kẹta. Oko àti ilé ìwòsàn tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí kò kúkú sí ní Yúróòpù.

Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ

Ọ̀pọ̀ ètò Erasmus Mundus máa ń ṣílẹ̀kùn ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, wọ́n á sì ti tì í ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Transcript kì í yá, nítorí náà kí ẹ béèrè rẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn olùkọ́ yín lójúkojú, kí ẹ fún wọn ní oṣù méjì ó kéré tán, kí ẹ sì kọ ìdí tí ẹ fi yan kọ́ọ̀sì náà sínú ojú ìwé kan fún wọn, kí ìwé ẹ̀rí tí wọn yóò kọ lè sọ̀rọ̀ nípa yín gan-an.