Bí Mo Ṣe Wá Àléébù Iná Honda CD175 Bàbá Mi Rí

Ní ọdún 1975, nígbà tí ìjọba san àjẹsílẹ̀ owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Jerome Udoji dá lábàá, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó fi owó náà ra alùpùpù. Bàbá mi, tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Ìkìrun nígbà náà, fi tirẹ̀ ra Honda CD175. Máṣíìnì yìí ni ó fi gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, nítorí náà n kò lè wò ó bí ìgbà tí ènìyàn ń wo àlòkù irin. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó fi wà ní ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ tapólì kí n tó gbé e jáde. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì àti kábúrétọ̀ kò pẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ mi. Iná rẹ̀ ni ó gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún, òun náà ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ògbólógbòó alùpùpù onífóòtì mẹ́fà nílé, ìyẹn èyí tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ fóòtì mẹ́fà dípò méjìlá.

Ohun tí ó ń ṣe kò jọra wọn. Bí mo bá yí ọwọ́ rẹ̀ sí apá ọ̀tún, fíùsì a jó. Ẹ́ńjìnnì a jí dáadáa ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tan iná iwájú, a bẹ̀rẹ̀ sí í já lu ara rẹ̀ títí yóò fi kú. Tírafíkétọ̀ kì í ṣẹ́jú, ńṣe ni ó ń ràn bàìbàì láì kú láì tàn. Bátìrì tuntun tí mo rà sì máa ń gbẹ láàárín ọjọ́ méjì, bí mo tilẹ̀ ti yọ kọ́kọ́rọ́.

Mo pe ọ̀gá réwáyà kan ní àdúgbò wa, àgbàlagbà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, “Àbúrò, wáyà yìí ti gbó. Jẹ́ ká tú gbogbo ẹ̀ dànù, ká wáyà ẹ̀ lọ́tun.” Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi.” Ìdí tí n kò fi gbà ni pé àwọ̀ wáyà Honda ní ìtumọ̀, ẹni tí ó bá sì tú u dànù ti sọ àwòrán ọ̀nà nù. Wáyà pupa ni ó ń ti ẹnu bátìrì wá tààrà. Dúdú ni ó ń gba iná lẹ́yìn tí a bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Aláwọ̀ ewé ni ti ilẹ̀, èyí tí àwọn réwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Búráùn ń lọ sí iná ẹ̀yìn, funfun àti búlúù ń lọ sí iná iwájú, aláwọ̀ ọsàn jẹ́ ti tírafíkétọ̀ òsì, búlúù tí kò kún sì jẹ́ ti ọ̀tún. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí lè dúró síbi kan lára alùpùpù náà kí ó sì sọ ohun tí ó yẹ kí ó bá níbẹ̀. Bí a bá fi wáyà pupa kan náà wáyà gbogbo rẹ̀, bí mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, ìmọ̀ yẹn ti tán nìyẹn.

Fíùsì tí ń jó ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Nígbà tí mo ṣí ilé rẹ̀, mo bá bébà fàdákà inú páálí sìgá tí ẹnìkan ti wé mọ́ fíùsì tí ó ti jó tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó burú ni. Fíùsì yìí, tí ó jẹ́ 15 ámpù, wà kí ó lè kú dípò wáyà. Nígbà tí wọ́n ti dí i lọ́wọ́, wáyà fúnra rẹ̀ ni ó gbóná, tí ara rẹ̀ sì yọ́ ní bí ìbú ọwọ́ méjì. Dípò kí n máa fi fíùsì tuntun ṣòfò, mo so gílóòbù 6 fóòtì kan mọ́ ẹnu méjèèjì ilé fíùsì náà. Bí iná bá ń gbabẹ̀ lọ sí ilẹ̀ ní ọ̀nà àìtọ́, ìyẹn bíríìjì, gílóòbù yóò tàn gbòò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò jó. Mo yọ wáyà dúdú kúrò lẹ́yìn kọ́ìlì, ìyẹn ohun tí ń fún pọ́lọ́ọ̀gì ní iná, kí ó má baà dà mí láàmú, mo pa gbogbo iná, mo sì ṣí kọ́kọ́rọ́. Gílóòbù kò tàn. Mo ní kí bàbá mi bá mi rọra yí ọwọ́ alùpùpù náà sí ọ̀tún. Bí ó ti yí i dé òpin báyìí ni gílóòbù tàn bí ìgbà tí a so ó mọ́ bátìrì.

Inú agolo iná iwájú ni Honda kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsopọ̀ wáyà sí. Mo yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń wo gílóòbù bí mo ti ń yọ ọ́. Mo yọ gbogbo wọn tán, síbẹ̀ gílóòbù kò kú. Èyí fi yé mi pé àléébù náà kò sí ní ọwọ́ alùpùpù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú agolo, bí kò ṣe láàárín kọ́kọ́rọ́ àti agolo náà. Nígbà tí mo la tépù tí ó wà ní ọrùn alùpùpù, mo rí ibi tí wáyà dúdú ti ń gún etí irin tí ń dá ọwọ́ dúró. Ihò ara rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo gé ibi tí ó ti bàjẹ́ kúrò, mo fi òjé lẹ òmíràn tí ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn, mo fi ọ̀rá bò ó, mo sì dẹ wáyà náà díẹ̀ kí ó lè máa tẹ̀ láì fi ara kan irin.

Iṣẹ́ kejì, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí ń kú bí mo bá tan iná iwájú, ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù, òun náà ni ó sì gba owó lọ́wọ́ mi lásán. CD175 ní sìlíńdà méjì, ṣùgbọ́n kọ́ìlì kan ṣoṣo àti kọ́ńtáàtì kan ṣoṣo, ìyẹn ẹnu irin tí ń ṣí tí ń pa láti já iná kọ́ìlì, ni ó ń tan pọ́lọ́ọ̀gì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí pọ́lọ́ọ̀gì méjèèjì bá rọ̀ bákan náà, kò bọ́gbọ́n mu láti máa pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì. Mo yọ wáyà dúdú lẹ́yìn kọ́ìlì, mo fi mítà wọ̀n ọ́n, mo bá 6.3 fóòtì níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti bá a ní ẹnu bátìrì. Mo ní iná ń dé ọ̀dọ̀ kọ́ìlì dáadáa, kọ́ìlì ni kò dára. Mo ra kọ́ìlì mìíràn. Kò sí ohun tí ó yípadà. Mo pààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà, mo tún ẹnu kọ́ńtáàtì ṣe sí 0.35 mílímítà, èyí tí ó wà láàárín 0.3 sí 0.4 tí ó yẹ kí ó jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ lórí ìyẹn.

Gílóòbù àdánwò mi ni ó là mí lójú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láìní ìdí pàtàkì, mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wáyà dúdú yẹn àti irin ẹ́ńjìnnì. Dípò kí ó tàn gbòò, pípọ́n ni ó pọ́n bí ẹ̀yìn òwú àtùpà. Mítà sọ pé 6.3, gílóòbù sì sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ń sọ òtítọ́. Ọrùn tí kò ru ẹrù, a kò lè mọ̀ bóyá ó le. Mítà kì í fa iná, nítorí náà ìsopọ̀ tí ó kù fín-ín-fín yóò gbé gbogbo fóòtì kọjá fún un. Kété tí ohun tí ń fa iná bá dé, ibi tí ó ti dípẹtà yóò gba tirẹ̀ lára fóòtì náà, kọ́ìlì yóò sì rí ìyókù. Páṣà kọ́ńtáàtì tí àwọn réwáyà máa ń wí nìyẹn, láti ìgbà náà ni n kò sì fi mítà wọn wáyà tí kò sí ohun tí ń fa iná lára rẹ̀ mọ́.

Mo tún gbogbo rẹ̀ so padà, mo ti kọ́ńtáàtì pa, mo tan iná iwájú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà mìíràn: mo fi ẹsẹ̀ mítà kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, mo fi èkejì sí òpin rẹ̀, kí ó lè fi ohun tí ó sọnù láàárín wọn hàn mí. Láti bátìrì dé inú ilé fíùsì, 0.3 fóòtì ni ó sọnù. Láti ibẹ̀ dé kọ́kọ́rọ́, 0.1. Nínú súwíìṣì kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀, 1.2. Láti kọ́kọ́rọ́ dé kọ́ìlì, 0.3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.9 fóòtì. Nígbà tí mo wọn láti irin ẹ́ńjìnnì padà sí ẹnu òdì bátìrì, ibi tí wáyà ilẹ̀ so mọ́, mo bá 0.6 mìíràn. Bátìrì tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ ń mú 5.9 wá, kọ́ìlì sì ń rí 3.4 péré. Bí ó bá ṣe alùpùpù onífóòtì 12 ni, èyí tí ó sọnù yìí ìbá jẹ́ ìnira, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì lè máa ṣiṣẹ́. Onífóòtì mẹ́fà kò ní àṣẹ́kù. Iná iwájú tí ó jẹ́ 25 wáàtì ń fa bí ámpù mẹ́rin lára rẹ̀, nígbà tí irú rẹ̀ lára ti 12 yóò fa méjì, bí ámpù bá sì ṣe pọ̀ tó ni ibi tí ó dípẹtà ń jẹ tó. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń kú nígbà tí mo bá tan iná iwájú, àti ìdí tí kò fi sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán rí i.

Mo tú súwíìṣì kọ́kọ́rọ́ palẹ̀ sórí aṣọ funfun kí àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké inú rẹ̀ má baà sọnù. Bàbà inú rẹ̀ ti dú bí èédú. Mo fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, mo fi sáńdípépà tí ó kúná jù lọ ha á títí ó fi pọ́n, mo fi gírísì díẹ̀ sí i. Mo fún ẹnu ilé fíùsì pọ̀ kí ó lè di fíùsì mú. Ní ti ilẹ̀, mo rí i pé ẹni tí ó kun alùpùpù náà lọ́dà nígbà kan rí ti kun ojú bóòtù tí wáyà aláwọ̀ ewé so mọ́. Mo ha ọ̀dà náà kúrò dé ojú irin, mo sì fi wáyà tí ó nípọn kan kún un láti bátìrì lọ sí ara ẹ́ńjìnnì tààrà. Nígbà tí mo tún un wọ̀n, 0.4 ni ó sọnù lápá kan, ti ilẹ̀ kò sì tó 0.1. Kọ́ìlì ń rí 5.5. Mo dá kọ́ìlì àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀, ó sì ń tan pọ́lọ́ọ̀gì méjèèjì yanran.

Ọ̀rọ̀ tírafíkétọ̀ kò gùn. Gílóòbù tí wọ́n fi sí i jẹ́ ti 12 fóòtì. Wọn kò rí ti mẹ́fà rà, wọ́n fi òòbẹ̀ ṣẹbọ dípò àdán. Irin inú fíláṣà, ìyẹn ohun tí ń mú tírafíkétọ̀ ṣẹ́jú, nílò kí iná tí ó tó gbà á kọjá kí ó lè gbóná, kí ó tẹ̀, kí ó já, kí ó tún padà, gílóòbù 12 kò sì fa iná tó ìyẹn. Àbúrò mi tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ojúlówó gílóòbù 6 fóòtì mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi, wọ́n sì ń ṣẹ́jú láti ọjọ́ tí mo ti fi wọ́n sí i.

Bátìrì tí ń gbẹ ni ó kù. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo so mítà sáàárín bátìrì àti wáyà pupa, mo sì rí i pé 0.15 ámpù ń jáde lọ nígbà tí ohun gbogbo wà ní pípa. Bátìrì náà jẹ́ 6 ámpù fún wákàtí kan, nítorí náà láàárín wákàtí 40 yóò ti tán pátápátá. Mo yọ rẹ́kítífáyà, ìyẹn ohun tí ń sọ iná jẹnẹrétọ̀ ẹ́ńjìnnì di èyí tí bátìrì lè gbà, jíjáde náà sì dáwọ́ dúró. Rẹ́kítífáyà yìí jẹ́ irú ti àtijọ́, àwo irin pẹlẹbẹ bíi mélòó kan tí a tò léra, tí a fi sẹlẹ́níọ́ọ̀mù kùn lójú. Ó yẹ kí iná gba inú rẹ̀ lọ ní apá kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ti mú kí ó máa jẹ́ kí ó padà. Èyí kan náà ni kò jẹ́ kí bátìrì gba iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Mo fi rẹ́kítífáyà òde òní onígun mẹ́rin, 25 ámpù, rọ́pò rẹ̀. Ẹnu méjì rẹ̀ gba wáyà méjì tí ó ń ti jẹnẹrétọ̀ ẹ́ńjìnnì wá, ẹ̀kẹta lọ sí bátìrì, ẹ̀kẹrin lọ sí ilẹ̀. Mo dì í mọ́ irin gbagba, nítorí ó máa ń gbóná. Ẹ má ṣe fojú fo ibí yìí o: alùpùpù yìí kò ní régúlétọ̀ tí ń dí iná lọ́wọ́ kí ó má pọ̀ jù, irú rẹ́kítífáyà yìí sì ń gbé iná kọjá ju ti àtijọ́ lọ. Mo wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré díẹ̀, mo bá 7.2 fóòtì láì tan iná, mo sì bá 6.6 nígbà tí iná iwájú ń tàn. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń wo omi bátìrì báyìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo ta á lẹ́ẹ̀mejì, ó jí. Bàbá mi jókòó lórí rẹ̀, wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ sí ọ̀tún dé òpin, fíùsì kò jó. Wọ́n ní kí n tan iná iwájú, kí n pa á, kí n tún un tàn, wọ́n ń fetí sí ẹ́ńjìnnì. Kò yí ohùn padà. Wọ́n wá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, wọ́n sì bi mí pé, “Ṣé ti ẹ̀yìn náà tàn?” Ó tàn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó tàn, nítorí sípíríǹgì tí ń fa súwíìṣì rẹ̀ ti dẹ̀. Òun ni mo máa pààrọ̀ ní Sátidé tí ó ń bọ̀.