Pílásítà àkọ́kọ́ lára ògiri ìta: ìdí tó fi ń sán, tó sì ń ṣí

Ìbéèrè: Ọjọ́ Ajé ni wọ́n rẹ́ ògiri ìta ilé wa. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti sán wẹ́wẹ́ káàkiri. Bíríkìlà ní sìmẹ́ǹtì ló kéré. Ṣé ká fi kún un?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un. Bí sìmẹ́ǹtì bá ṣe pọ̀ tó ni pílásítà ṣe máa ń súnkì tó bá ń gbẹ. Ìwọ̀n kan sí yanrìn márùn-ún ti tó: àpò 50 kg máa ń kún páànù méjì, yanrìn rẹ̀ á sì jẹ́ páànù mẹ́wàá. Yanrìn yín gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ bù ú dé ìdajì ìgò, ẹ da omi oníyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì ín, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Tí yanrìn bá ga tó 10 cm, ẹrẹ̀ tó dúró lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 8 mm lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ dá yanrìn náà padà.

Ìbéèrè: Tí a bá fi ìka kàn án, ibì kan ń dún bí agbè òfìfo.

Ìdáhùn: Kò lẹ̀ mọ́ ògiri níbẹ̀ ni. Nínú kí eruku wà lára búlọ́ọ̀kù, kí búlọ́ọ̀kù gbẹ débi tó fi fa gbogbo omi inú pílásítà mu, tàbí kí òpó kọnkéré dán jù, ọ̀kan á ti ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká, kí ẹ gbẹ́ ẹ kúrò títí dé ibi tí ìró rẹ̀ ti le. Ẹ gbá eruku, ẹ bomi wọ́n ọn. Ẹ wá po sìmẹ́ǹtì kan mọ́ yanrìn ṣáàpù méjì, kó rọ̀ dáadáa, kí ẹ máa fi tróẹ́lì jù ú mọ́ ògiri kí ojú rẹ̀ lè rí ṣákaṣàka. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó rẹ́ ẹ.

Fún ògiri tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn, ẹ bomi rin ín nírọ̀lẹ́, kí ẹ tún rin ín láàárọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Inú búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ tutù, àmọ́ omi kò gbọdọ̀ máa dán lójú rẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Ó là gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.

Ìdáhùn: Kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù kì í súnkì bákan náà. Ẹ kan nẹ́ẹ̀tì wáyà tó fẹ̀ tó 30 cm mọ́ ojú oríkèé náà, 15 cm lọ́tùn-ún, 15 cm lósì, kí ẹ tó rẹ́ ẹ.

Ìbéèrè: Ògiri wa wọ́, ó máa gba tó 25 mm. Ṣé a lè rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ìdáhùn: Rárá o, yóò fà wálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ 12 mm. Tó bá ti ń le, tí ìka kò rì sínú rẹ̀ mọ́, ẹ fi ìṣó ha á ní ìlà wíwọ́ tó dábùú, kí ìpele kejì lè rí ibi dì mú. Ẹ máa bomi wọ́n ọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà ọyẹ́, ẹ ta tapólì bò ó, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń fa omi rẹ̀ jáde kí sìmẹ́ǹtì tó dì. Pílásítà tó ti lé ní wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ pò ó, tó sì ti ń le, ẹ má bomi sí i láti tún un lò.

Ìbéèrè: Ìṣó kékeré ń wọ inú tiwa, ó ń dà bí ìyẹ̀fun.

Ìdáhùn: Omi ti tán nínú rẹ̀ kó tó dì, tàbí kó jẹ́ pílásítà àlòkù tí wọ́n tún bomi pò. Omi tí ẹ bá dà sí i báyìí kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbẹ́ ẹ kúrò kí ẹ tó gbé ìpele kejì lé e, torí méjèèjì ni yóò jọ já bọ́.