Bí mo ṣe rí àbàwọ́n èéfín Spitfire ṣe

Ọ̀dà dúdú kò bá èéfín ẹ̀gbẹ́ Spitfire oníke 1/48 (àwòṣe bàálù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú méjìdínláàádọ́ta ti gidi) tí mò ń tò mu rárá. Ńṣe ló dà bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Mo fi fáníìṣì tí kì í dán bò ó, kí lẹ́búlẹ́bú lè rí ibi dì mú, mo wá lọ ṣọ́ọ̀kì pastel kúnná. Búráùn tó ṣú ló kọ́kọ́ lọ, láti ẹnu páìpù ẹ́ńjìnnì Merlin sẹ́yìn, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e. Àwọ̀ eérú ló tẹ̀ lé e láàárín, torí òjé wà nínú epo bàálù ayé ìgbà náà. (Àwọn tó ń kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú kò wo fọ́tò dáadáa!) Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo lò. Èyí tó bá pọ̀ jù, òwú tútù á nù ún.