Bí a ṣe wọn igbó tíìkì tí bàbá wa fi sílẹ̀ kí a tó ta igi kankan

Àwọn agégẹdú ni wọ́n kọ́kọ́ wá bá wa nígbà tí igbó tíìkì bàbá wa di ogún tiwa. Wọ́n fẹ́ rà á lódindi. Alájọṣe bàbá wa, tí wọ́n ti jọ ń ta pákó tipẹ́, ni mo lọ bá. "Má tíì dárúkọ iye kankan," ni wọ́n wí. "Kọ́kọ́ mọ ohun tó o ní."

Nítorí pé oníṣòwò gẹdú ni àwọn náà, mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ rà nínú rẹ̀. Wọn ò bínú rárá. Wọ́n ní ẹni tó ń díye lé igi kò gbọdọ̀ rà á, owó iṣẹ́ nìkan ni àwọn yóò gbà. A kọ ọ́ sílẹ̀, èmi àti àwọn àbúrò mi sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ló fi gbogbo wa lọ́kàn balẹ̀.

A rin ààlà pẹ̀lú àwọn tí ilẹ̀ wọn bá tiwa pààlà, lẹ́yìn náà ni wíwọn igi. A ò ka gbogbo rẹ̀. Okùn la fi pààlà àwọn ibi tó jẹ́ mítà 20 níbùú àti lóròó, níbi tí igi ti sanra àti níbi tí kò ti sanra. 25 irú rẹ̀ ló wà nínú hẹ́kítà kan, ìṣirò tó kù kò le. Téèpù la fi yí ara igi ká níbi tó fi mítà 1.3 ga sí ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, apá òkè la ti ń wọ̀n ọ́n. Fi 3.14 pín ohun tó o bá rí, bí igi ṣe fẹ̀ tó nìyẹn.

Yíyan èyí tí a ó gé ló gba ọgbọ́n jù. Ohun tí olùrà ń fẹ́ ni igi tó tọ́, tó sì sanra. Bí a bá jẹ́ kí ó kó wọn lọ, wíwọ́ ni yóò kù fún wa. Alájọṣe bàbá wa máa ń gbójú sókè wo orí igi ni. Níbi tí orí méjì bá ti ń gbá ara wọn, èyí tó wọ́ tàbí tó ní ihò ni yóò lọ, nítorí tíìkì kì í sanra lábẹ́ ìbòòji. Wọ́n ní kí n kun ọ̀dà sára èyí tí a ó gé àti sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, kí kùkùté lè jẹ́rìí lẹ́yìn tí igi bá ti lọ. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an.

Nínú àdéhùn títà, ẹni tó bá gé igi tí kò lọ́dà yóò san ìlọ́po owó rẹ̀. A ò hú kùkùté, torí tíìkì máa ń rúwé padà. Lára owó igi tí a tà la fi ro ààlà iná, kí iná má baà wọ igbó, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, nígbà tí ewé gbígbẹ bá bo ilẹ̀. Àwọn tí a fi sílẹ̀, ibi tí a fi okùn pààlà náà la ti tún ń wọ̀n wọ́n, ká lè mọ èyí tó ń sanra sí i.