Ìgò àyà: bí a ṣe ń ṣọ́ ọ

Ẹ̀yin àbúrò mi nọ́ọ̀sì l'Óṣogbo, nítorí àwọn tí ọ̀kadà ń gbé ṣubú lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán ni mo ṣe kọ èyí. Ọ̀nà ọ̀fun ló ṣáájú: ẹ fa ẹ̀jẹ̀ kúrò lẹ́nu aláìsàn, ẹ fún un ní ọ́síjìn, ẹ má jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ yí.

Bí dókítà bá ti ki rọ́bà bọ ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ lè jáde sínú ìgò, ìgò tó wà nílẹ̀ di tiyín. Ẹnu rọ́bà gbọ́dọ̀ rì sínú omi ìgò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Bó ṣe ń mí ni omi inú rọ́bà yóò máa gòkè sọ̀kalẹ̀. Bí omi náà kò bá mira mọ́, rọ́bà lè ti ká, ẹ̀jẹ̀ dídì lè dí i, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ti fẹ̀ tán. Ẹ pe dókítà.

Ìgò kò gbọdọ̀ ga ju àyà lọ láé. Mo ti rí mọ̀lẹ́bí tó gbé e lé bẹ́ẹ̀dì torí ó fẹ́ gbálẹ̀. Omi lè padà sínú àyà! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń sọ ọ́ fún ìyá aláìsàn.

Bí afẹ́fẹ́ bá ń hó nínú omi ìgò, ẹ má fún rọ́bà pa, kódà bí ẹ bá ń gbé aláìsàn lọ ya fọ́tò àyà. Afẹ́fẹ́ tó há sínú lè pa á.

Ẹ kọ iye ẹ̀jẹ̀ inú ìgò sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bó bá ju mílílítà 1500 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jí oníṣẹ́ abẹ, ààjìn ì báà jìn.