Báàgì mi kì í wọ́ sórí sálẹ́ńsà mọ́

Mo máa ń gun alùpùpù láti Àbújá lọ sí Jos, ọ̀nà Keffi sí Akwanga. Kí n tó dé Keffi, báàgì ẹ̀yìn á ti wọ́ sápá ọ̀tún, níbi tí sálẹ́ńsà, páìpù èéfín tó máa ń gbóná, wà. Lẹ́ẹ̀kẹta, etí rẹ̀ jó, ó yọ́ mọ́ irin. Àyà mi já gan-an, torí okùn tó bá tú lè wé mọ́ ṣéènì, kó sì dá táyà ẹ̀yìn dúró lójijì.

Mo fi okùn ọ̀rá dì í, ó dẹ̀. Mo ra rọ́bà tó ní ìkọ́ lẹ́nu, gbogbo kòtò ló ń fà á gùn.

Ẹ̀gbọ́n fọkanáísà kan ní Nyanya ló fún mi ní tiúbù táyà àlòkù. Mo là á sí ọ̀já márùn-ún. Mo tẹ́ ọ̀kan sórí kárià, irin ẹ̀yìn alùpùpù tí a ń gbé ẹrù lé, kí báàgì má yọ̀. Mo kó irinṣẹ́ àti omi sísàlẹ̀, kí wọ́n sún mọ́ ẹ̀yìn mi, aṣọ tí mo fi ọ̀rá wé wá wà lókè. Mo fi ọ̀já mẹ́rin tó kù dì í ní àgbélébùú, mo sì ki gbogbo ẹnu ọ̀já tó yọ síta bọnú. Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 10, mo dúró, mo tún un fún. Ìgbà yẹn nìkan ló dẹ̀ díẹ̀.

Ó dé Jos láìyẹ̀! Kárià tèmi gbòòrò o. Tí tiyín bá tóóró, ó lè má dúró bẹ́ẹ̀. Oòrùn máa ń sán rọ́bà yìí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbéra.