Bí Ẹ Ṣe Lè Máàkì Ìtàn Láìfi Ti Ẹgbẹ́ Yín Ṣe

Ọmọ Ìdí-Àpè ní Ìlọrin ni mí, níbi tí orúkọ Àfọ̀njá, jagunjagun Yorùbá tó ṣàkóso ìlú náà nígbà kan, ṣì ń gbóná lẹ́nu àwọn àgbà. Kàdúná ni mo ń gbé, mo sì ń kọ́ Ìtàn ní yunifásítì kan ní Òkè Ọya. Ọmọ Yorùbá, Haúsá, Fúlàní àti Núpé ló ń jókòó ti ara wọn níwájú mi. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Inú ìbéèrè ni ojúsàájú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé, "Kí nìdí tí Àlímì fi da Àfọ̀njá?" Ẹ ti dá Àlímì, àlùfáà Fúlàní, lẹ́bi tán nìyẹn. Ẹ bi wọ́n pé, "Báwo ni agbára ṣe bọ́ lọ́wọ́ Àfọ̀njá ní Ìlọrin, kí sì ni ẹ̀rí yín?" Ọmọ Fúlàní àti ọmọ Yorùbá lè gba máàkì tó pé lórí èyí.

Kí ẹ tó ka ìwé kankan, ẹ pín máàkì sílẹ̀. Nínú 20, èmi máa ń fún ẹ̀rí ní 8, àlàyé ní 7, mo sì ń fi 5 sílẹ̀ fún ẹni tó bá mú èrò tó tako tirẹ̀ wá tó sì dá a lóhùn. Ẹ ṣẹ́ ojú ewé àkọ́kọ́ sẹ́yìn, torí bí ẹ bá ti rí "Aliyu" tàbí "Fọláṣadé", ọwọ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo tàbí kó fúyẹ́.

Ojú mi ti rí i. Ọmọkùnrin kan yin ogun tí Shehu Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ní 1804, lóru, lábẹ́ iná jẹnẹrétọ̀, mo fi báírò pupa kọ 6. Láàárọ̀ mo tún un kà. Ó mẹ́nu ba Nafata, ọba Gobir, tó ní kí àwọn ọmọlẹ́yìn Shehu má wé láwàní mọ́. Ó sọ ti owó orí tó wúwo lọ́rùn tálákà. Ẹ̀rí ló kó jọ, ìbínú tèmi ni mo fi máàkì. Mo sọ ọ́ di 14. Nígbà tó wá gba ìwé rẹ̀, ó ní, "Málàm, ṣé ẹ ti gbà pẹ̀lú mi ni?" Mo ní rárá o.

Fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ fi í sílé. Ẹnìkan ní ẹ̀ka wa dé e wọ kíláàsì lọ́dún ìbò. Ọ̀sẹ̀ yẹn làwọn ọmọ dákẹ́ fún un.

Ní ti àwọn ìjọba, 1988 ni àwọn ológun lé Patrick Wilmot, ọmọ Jamaica tó ń kọ́ sosiọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ahmadu Bello (ABU) ní Zaria, kúrò ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹ má dá nìkan gbé ẹ̀kọ́ tó gbóná. NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ní Àbújá ló kọ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún CCMAS, ìyẹn ìlànà ẹ̀kọ́ tí gbogbo yunifásítì ń tẹ̀ lé; yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ìdá 30 tó kù. Ẹ jẹ́ kí Sẹ́nétì yunifásítì yín fọwọ́ sí tiyín nínú 30 yẹn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí ọ̀gá kan bá wá pe fóònù pé kí ẹ yọ nǹkan kúrò, ẹ fi ọ̀wọ̀ ní kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹni tó pè mí kò kọ ọ́ títí di òní.